Akẹ́kọ̀ọ́ Olùkọ́ àti Ilé Ìṣẹ̀m̀báyé: Láti Orí Ìbẹ̀wò dé Orí Iṣẹ́ Ìyọ̀ǹda-Ara-Ẹni

Ìfáárà

Ní ọdún 1933, alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọ C.M.S., H. G. Ramshaw, mú ìròyìn jáde nípa àwọn ère òkúta kan tí ó wà ní ìlú Èsìẹ́, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ní ibi tí a mọ̀ sí Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí. Iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó gbé e dé agbègbè náà, kì í ṣe iṣẹ́ ìwádìí ìtàn. Àwọn ère tí ó sọ̀rọ̀ wọn yìí lé ní ẹgbẹ̀rún kan, inú igbó ni wọ́n wà, àwọn ará Èsìẹ́ sì ti ń bọ wọ́n láti ìran dé ìran. Ìròyìn náà ni ó jẹ́ kí ìjọba àti àwọn onímọ̀ kọbi ara sí ibẹ̀. Ní ọdún 1945, a dá ilé ìṣẹ̀m̀báyé sílẹ̀ ní Èsìẹ́ láti dáàbò bo àwọn ère náà. Ilé yìí ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè Nàìjíríà.

Àwọn ìwé kan máa ń sọ pé Ramshaw ni ó ‘ṣàwárí’ ère Èsìẹ́. Gbólóhùn yìí kò tọ̀nà. Àwọn tí ń bọ ère náà kò fìgbà kan sọ ọ́ nù. Ohun tí a lè sọ láìṣì sọ ni pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó kọ́kọ́ mú kí àwọn ará ìta fi ojú ìmọ̀ wo ohun tí ó wà níbẹ̀.

Kì í ṣe òun nìkan. J. D. Clarke, tí ó kọ̀wé nípa àwọn ère náà kí ọdún 1940 tó dé, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ni. Kenneth Murray, tí ìjọba fi ṣe alábòójútó ohun ìṣẹ̀m̀báyé ní ọdún 1943, tí akitiyan rẹ̀ sì wà lára ohun tí ó bí ilé ìṣẹ̀m̀báyé tí a ṣí ní Èkó ní ọdún 1957, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni nígbà tí ó kọ́kọ́ dé Nàìjíríà ní ọdún 1927. Ní nǹkan bí ọdún 1965, Phillips Stevens, ọ̀dọ́ ará Amẹ́ríkà tí ó wá yọ̀ǹda ara rẹ̀ lábẹ́ ètò Peace Corps, jókòó ti àwọn ère Èsìẹ́, ó ń ṣe àkọsílẹ̀ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé tí ó ti inú iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 1978 ṣì ni ìwé tí gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa Èsìẹ́ gbọ́dọ̀ kà.

Alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́, òṣìṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, ọ̀dọ́ ayọ̀ǹda-ara-ẹni: irú àwọn ènìyàn tí ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni ń tọ́ dàgbà náà nìyí. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí Yorùbá jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ nínú wọn. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ tú palẹ̀ ni ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó gbọ́ Yorùbá láti inú ilé, tí ó sì ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn, lè ṣe ní ilé ìṣẹ̀m̀báyé tí àwọn ẹni àná wọ̀nyí kò lè ṣe.

Ọ̀wẹ̀ ni iṣẹ́ ìyọ̀ǹda-ara-ẹni

Àwọn kan gbà pé àṣà àjèjì ni kí ènìyàn máa ṣiṣẹ́ láìgbowó fún ilé ìṣẹ̀m̀báyé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Yorùbá ní àáró, Yorùbá ní ọ̀wẹ̀. Àáró ní gbèsè nínú: bí mo ṣe bá ọ ro tìrẹ lónìí ni ìwọ yóò bá mi ro tèmi lọ́la. Ọ̀wẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn ni ó ń bẹ ọ̀wẹ̀. Òun ni ó mọ ibi tí ilẹ̀ ti nípọn àti ibi tí a kò gbọdọ̀ fi ọkọ́ kàn. Àwọn tí ó bẹ̀ a mú irinṣẹ́ wọn wá, òun a sì wá oúnjẹ sí wọn lẹ́nu.

Bí a bá fi ojú ọ̀wẹ̀ wò ó, ohun méjì hàn. Àkọ́kọ́ ni pé olùtọ́jú ilé ìṣẹ̀m̀báyé ni ó gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀, kì í ṣe kọ́lẹ́ẹ̀jì ni yóò ti ilé gbé e wá. Èkejì ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ lọ lọ́wọ́ òfo. Irinṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ni etí tí ó mọ ohùn, ọwọ́ tí ó mọ àkọtọ́, àti ìwà tí ó jẹ́ kí àgbàlagbà fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Oúnjẹ ọ̀wẹ̀ náà kò ṣe é fojú fò dá. Ìyọ̀ǹda-ara-ẹni kò túmọ̀ sí pé kí ọmọ tí ó ń jẹ gààrí parí sáà máa san owó ọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tí kò bá lè san owó ọkọ̀, kí ó yan ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé akẹ́kọ̀ọ́ dé. Kò sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí ohun ìṣẹ̀m̀báyé jìnnà sí tó bẹ́ẹ̀.

Ìbẹ̀wò tí kò ju ìrìn-àjò lọ

Gbogbo ẹni tí ó bá ti ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga mọ bí ìbẹ̀wò ṣe máa ń lọ. A háyà bọ́ọ̀sì, a dá owó jọ, a ra ìpápánu. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n tó ọgọ́rin wọ yàrá tí kò gbà ju ogún lọ. Afinimọ̀nà sọ̀rọ̀ wàrà-wàrà kí àwọn tí ó wà lẹ́yìn tó gbọ́ ohun tí ó sọ fún àwọn tí ó wà níwájú. Àwòrán ni wọ́n yà lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ìjábọ̀ ọgọ́rin dé orí tábìlì olùkọ́, ìjábọ̀ kan náà ni gbogbo wọn.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́. Wọn kò gbé ìbéèrè kankan lọ, wọn kò sì lè mú ìdáhùn kankan bọ̀. Ìbẹ̀wò tí yóò bí èso ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ohun kan ṣoṣo ni a sì gbọ́dọ̀ tìtorí rẹ̀ lọ. Àpẹẹrẹ kan ni àwọn orí idẹ àti bàbà tí a hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1938, nígbà tí wọ́n ń wa ìpìlẹ̀ ilé. Àwọn orí kan nínú wọn ní ìlà wẹ́wẹ́ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ojú àwọn mìíràn jọ̀lọ̀. Àwọn kan ní ihò yí ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ ká, wọ́n sì ní in ní ẹ̀bá ẹnu. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ka orí ìwé kan lórí ilà kíkọ, tí ó mọ pélé, àbàjà, gọ̀ǹbọ́ àti kẹ́kẹ́, yóò dé iwájú irú orí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè: ǹjẹ́ ilà ojú ni àwọn ìlà wọ̀nyí, àbí nǹkan mìíràn? Kí ni wọ́n ń so mọ́ àwọn ihò náà? Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀. Ó dára kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé nǹkan kan ṣì wà tí a kò tíì yanjú, nítorí pé ìwé tí a ń kà fún ìdánwò kì í sábà jẹ́ kí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ohun tí wọn yóò ṣe bí wọ́n bá débẹ̀, pẹ́ńsù àti ìwé dára ju fóònù lọ. Ẹni tí ó fi fóònù ya àwòrán ère ti kúrò níbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí a ní kí ó jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó fi ọwọ́ fa àwòrán ère kan náà yóò rí i pé etí ọ̀tún kò ga tó ti òsì, pé ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn jẹ́ ipele mẹ́ta, pé ibì kan ti kán tí wọ́n sì tún un lẹ̀. Kò ṣe pàtàkì kí àwòrán náà lẹ́wà. Ojú ni a ń kọ́ níbẹ̀, a kò kọ́ ọwọ́.

Orúkọ tí ń sọnù

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ gan-an wà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkọlé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ohun èlò ní àwọn ilé ìṣẹ̀m̀báyé wa. Ọmọ Yorùbá dúró níwájú ohun tí ìyá ìyá rẹ̀ fi dáná, ó sì ń ka orúkọ rẹ̀ ní èdè àwọn tí kò dáná bẹ́ẹ̀ rí. Kí a mú ìkòkò nìkan. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan tí ó fi pe gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n àmù ni ó ń jókòó sí kọ̀rọ̀ ilé tí omi mímu ń tutù sínú rẹ̀. Orù ni a fi ń pọnmi lódò. Ìṣaasùn ni ti ọbẹ̀. Agbada ni ti àkàrà dídín. Ajere ni èyí tí a dá ihò sí lára, tí a ń gbé ẹran tàbí ẹja sí lórí iná kí ó lè gbẹ. Bí a bá kó gbogbo wọn jọ sábẹ́ orúkọ kan, ohun tí ọmọ náà pàdánù ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ. Ó pàdánù bí ilé ṣe rí: kọ̀rọ̀, odò, ààrò, ọjà alákàrà, òkè ààrò tí ẹran ń gbẹ sí.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń pín ohun tí Yorùbá so pọ̀. Ó fún ọpọ́n Ifá ní orúkọ kan, ó fún ọpọ́n ayò ní òmíràn. Ẹni tí ó ka àkọlé méjèèjì kò ní mọ̀ láé pé ọpọ́n ni Yorùbá ń pe méjèèjì, kò sì ní bi ara rẹ̀ léèrè ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpótí, tí a ń kó aṣọ sí, tí a sì ń jókòó lé. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni olùkọ́ èdè lè fi kọ́ ẹ̀kọ́ odidi wákàtí kan lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, pẹ̀lú ohun tí a fojú rí níwájú akẹ́kọ̀ọ́.

Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá fi lọ olùtọ́jú ilé ìṣẹ̀m̀báyé ni kíkọ àkọlé ní èdè Yorùbá. Iṣẹ́ náà kò rọrùn bí ó ti ń dún létí. Kì í ṣe pé kí a túmọ̀ àkọlé Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé àṣìṣe tí ó wà nínú rẹ̀ ni a ó tún fi Yorùbá sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé àwòrán ohun èlò náà, bí ilé ìṣẹ̀m̀báyé bá fún un láṣẹ, lọ bá àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n. Bí ó bá jẹ́ ìkòkò, amọ̀kòkò ni yóò wá lọ. Bí ó bá jẹ́ agere tàbí ìrọ́kẹ́, babaláwo ni. Yóò kọ orúkọ tí wọ́n pè é, ẹ̀ka-èdè tí wọ́n fi pè é, ohun tí a fi ń ṣe àti ẹni tí ń lò ó. Lẹ́yìn náà ni yóò wá kọ ọ́ ní gbólóhùn tí kò ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí:

AJERE. Ìkòkò amọ̀ tí amọ̀kòkò dá ihò sí lára kí ó tó sun ún. Orí iná ni a ń gbé e kà, kí ooru lè gba ojú ihò wọlé, kí ẹran tàbí ẹja inú rẹ̀ sì gbẹ. Wo ìsàlẹ̀ rẹ̀: dúdú tí ó dú yẹn, èéfín ni. Bi ìyá àgbà ilé rẹ bóyá wọ́n lò ó rí.

Gbólóhùn tí ó kẹ́yìn yẹn kì í ṣe àṣejù. Àkọlé tí ó bá rán ọmọ lọ bá ìyá àgbà ti ṣe ju àkọlé lọ.

Àmì ohùn gbọ́dọ̀ pé lórí gbogbo rẹ̀. Àkọlé tí a kọ ‘agbada’ sí láìbìkítà fún ohùn kò sọ bóyá aṣọ ni a ń wò tàbí ohun tí a fi ń din àkàrà. Ẹ̀ka-èdè náà ṣe pàtàkì. Ohun tí ará Ìjẹ̀bú pè ní báyìí, ará Èkìtì lè pè é ní ọ̀hún. Kò sí ìdí tí a ó fi pa ọ̀kan rẹ́ nítorí èkejì nínú ilé tí a kọ́ láti fi pa nǹkan mọ́.

Ibi tí ó ti yẹ kí a fà sẹ́yìn

Ìtara akẹ́kọ̀ọ́ lè ba iṣẹ́ yìí jẹ́, Èsìẹ́ sì ni ó fi èyí hàn jù. Èyí tí ó pọ̀ nínú àwọn ère òkúta ọṣẹ tí ó wà níbẹ̀ jókòó lórí àpótí. Àwọn kan mú ohun ìjà lọ́wọ́, obìnrin sì wà lára wọn. Irun orí wọn jẹ́ ohun ìyanu. Ó rọrùn kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ́ nípa irun dídì dúró níwájú ère kan kí ó sì kọ ‘ṣùkú’ sílẹ̀, tàbí kí ó rí ìlà lójú ère kan kí ó sì sọ ìran tí ẹni náà ti wá. Kò tọ́. Kò sí ẹni tí ó mọ àwọn tí ó gbẹ́ àwọn ère náà dájú. Àwọn ará Èsìẹ́ fúnra wọn kò sọ pé àwọn baba àwọn ni ó gbẹ́ wọn. Ohun tí ìtàn ẹnu wọn sọ ni pé wọ́n bá wọn níbẹ̀, àti pé àlejò ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi orúkọ irun òde òní pe irun tí ó ti pẹ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà púpọ̀ ti dá ìtàn sílẹ̀, kò pa ìtàn mọ́.

Gbólóhùn méjì ni ó yẹ kí olùkọ́ àgbà tẹ̀ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ létí kí wọ́n tó kọ ohunkóhun: ‘àwọn ará ìlú sọ pé’ àti ‘àwọn awalẹ̀pìtàn sọ pé’. Èkíní kò kéré sí èkejì, èkejì kò sì pa èkíní rẹ́. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ pò wọ́n. Ìtàn àlejò tí ó di òkúta ní àyè tirẹ̀ lára ògiri ilé ìṣẹ̀m̀báyé Èsìẹ́, nítorí pé òun ni ó ṣàlàyé ìdí tí ìlú náà fi ń ṣe ọdún ère lọ́dọọdún àti ìdí tí wọ́n fi bu ọlá fún ọ̀kan nínú wọn gẹ́gẹ́ bí Ọba Ère.

Ibi tí kò ní ògiri

Kì í ṣe gbogbo ohun ìṣẹ̀m̀báyé ni ó wà nínú ilé. Erédò Sùngbọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú jẹ́ yàrà àti òkìtì tí ó yí ilẹ̀ ká tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Ní àwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì tó mítà 20. Ìtàn ẹnu so ó mọ́ Bìlíkísù Sùngbọ́, obìnrin ọlọ́lá tí àwọn ènìyàn ń lọ ṣe ìbẹ̀wò sí ibojì rẹ̀ ní Òkè-Èrì. Oko, ọ̀nà àti ilé ti gé e ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan sì ń gba inú rẹ̀ kọjá láìmọ̀. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì tí a ń rà níbẹ̀. Iṣẹ́ tí kíláàsì kan lè ṣe ni kí wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ baálẹ̀, kí wọ́n yan ojú kan ṣoṣo, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ láti ibi kan náà ní oṣù kan náà lọ́dọọdún, kí wọ́n sì kọ orúkọ tí àwọn àgbẹ̀ itòsí ń pe apá ibẹ̀. Bí kíláàsì kan bá ṣe é, kò tó nǹkan. Bí kíláàsì mẹ́wàá bá ṣe é tẹ̀ léra, ẹ̀rí ni, kódà níwájú ilé ẹjọ́, bí ẹnìkan bá fi katapílà wó o.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe wa ilẹ̀. Òfin tí ó dá àjọ tí ń bójú tó ilé ìṣẹ̀m̀báyé àti ohun ìrántí ní Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọdún 1979 kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti ṣe iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn láìgba ìwé àṣẹ. Òfin nìkan kọ́ ni ìdí rẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́, èyí tí ìtàn so mọ́ Ọọ̀ni Lúwo tí ó jẹ́ obìnrin, máa ń yọjú nígbà tí àgbàrá bá wọ́ ilẹ̀ lọ tàbí tí wọ́n bá ń wa ìpìlẹ̀. Ìduró ni wọ́n to àpáàdì wọ̀nyí, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ní ọnà. Ẹni tí ó bá yọ ẹyọ kan mú lọ sílé fún ìrántí, ohun tí ó mú lọ kò ju àpáàdì lásán, ṣùgbọ́n ohun tí ó bàjẹ́ sẹ́yìn ni ètò tí ó jẹ́ kí àpáàdì náà ní ìtumọ̀.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo gbé ìṣòro mìíràn wá. Igbó náà tó nǹkan bí hẹ́kítà 75. A kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965, UNESCO sì fi í sára ogún gbogbo ayé ní ọdún 2005. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó dé Nàìjíríà ní ọdún 1950, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà títí tí ó fi kú ní ọdún 2009, ni ó kó àwọn oníṣọ̀nà ìbílẹ̀ bíi Adébísí Àkànjí jọ láti tún àwọn ojúbọ kọ́ pẹ̀lú amọ̀ àti sìmẹ́ńtì. Ibi ìsìn tí ó ṣì wà láàyè ni. Nítorí èyí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí, a máa dúró sínú bọ́ọ̀sì nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bá wọlé.

A kò gbọdọ̀ fipá mú wọn, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ó yẹ kí olùkọ́ àgbà bá wọn sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé. Kò sí ẹni tí yóò ní kí wọ́n kúnlẹ̀ tàbí kí wọ́n mu omi. Ohun tí a bèèrè lọ́wọ́ wọn ni irú ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń retí kí aláìgbàgbọ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí wọn. Ní ọdún kan tàbí méjì sí i, wọn yóò dúró níwájú ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń bọ Ọ̀ṣun, tí wọn yóò sì kọ́ ọ ní àṣà Yorùbá. Ọmọ náà yóò mọ̀ bí olùkọ́ rẹ̀ bá ń bẹ̀rù ohun tí ó ń kọ́ni.

Ìdí tí ilẹ̀kùn fi ń pẹ́ ṣí

Àwọn olùkọ́ kan máa ń ṣàròyé pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀m̀báyé kì í gba akẹ́kọ̀ọ́ tọwọ́ tẹsẹ̀. Ìfura wọn ní ìdí. Ní àwọn ọdún 1990 sí 1999, olè ja ilé ìṣẹ̀m̀báyé Ilé-Ifẹ̀, ó ja ti Èsìẹ́. Nígbà tí àjọ àwọn ilé ìṣẹ̀m̀báyé lágbàáyé, ICOM, gbé ìwé ìkìlọ̀ jáde ní ọdún 2000 nípa ohun ìṣẹ̀m̀báyé ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń jí kó jù, ère òkúta Èsìẹ́ àti ère amọ̀ Ifẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó wà nídìí irú ilé bẹ́ẹ̀ kò lè fi kọ́kọ́rọ́ lé ọgbọ̀n ọ̀dọ́ tí kò mọ̀ rí lọ́wọ́. Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì, orúkọ àti káàdì ìdánimọ̀ oníkálukú, ọjọ́ àti wákàtí tí a kọ sílẹ̀, olùkọ́ kan tí yóò máa bá wọn lọ: ìwọ̀nyí kì í ṣe ìyọnu.

Ọ̀rọ̀ olè yìí kan náà ni ó fi hàn pé iṣẹ́ akọ̀wé lásán lè gba ère là. Ohun tí a jí tí kò ní àwòrán, tí a kò wọn gígùn rẹ̀, tí a kò kọ ibi tí ó ti sán sílẹ̀, kò ní ẹlẹ́rìí. Kò sí bí onílé ṣe lè na ọwọ́ sí i ní ọjà ìlú òkèèrè kí ó ní tòun ni. Ṣíṣe àdàkọ ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ tí ikán ti ń jẹ, pẹ̀lú ìwọ̀n àti àpèjúwe, jẹ́ iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ já geere lè ṣe dáadáa lábẹ́ ojú òṣìṣẹ́. Ó tún lè mú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Karùn-ún, ọjọ́ tí a fi ń ṣe àjọ̀dún ilé ìṣẹ̀m̀báyé ní gbogbo ayé láti ọdún 1977. Ẹni tí ó ń dánra wò fún iṣẹ́ olùkọ́ kò lè rí ibi tí ó dára ju iwájú ogún ọmọdé tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ lọ.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò gbọdọ̀ ṣe. Kò gbọdọ̀ fọ ère, bí ó ti wù kí eruku pọ̀ tó, nítorí pé ohun tí aláìmọ̀ rí bí ìdọ̀tí lè jẹ́ osùn tàbí epo tí a fi bọ ọ́, tí ó jẹ́ ara ìtàn rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ lásán gbé e. Kò gbọdọ̀ gbé àwòrán inú yàrá ìpamọ́ tàbí ti fèrèsé àti ilẹ̀kùn ibẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ojú olè wà níbẹ̀. Bákan náà, kọ́lẹ́ẹ̀jì kò gbọdọ̀ gbà kí a fi akẹ́kọ̀ọ́ rọ́pò òṣìṣẹ́ tí ó yẹ kí ìjọba gbà síṣẹ́, tí ó yẹ kí ó máa gba owó oṣù.

Níbo ni àkọsílẹ̀ yóò wà?

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àkọjáde akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń bàjẹ́ sí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn tí a bá ti fún un ní máàkì. Ohun tí àwọn àgbà sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ kò yẹ kí ó bá irú rẹ̀ lọ. Ẹ̀dà mẹ́ta ni ó yẹ kí a ṣe. Ọ̀kan jẹ́ ti ilé ìṣẹ̀m̀báyé, ọ̀kan jẹ́ ti ilé-ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ̀kẹta jẹ́ ti ilé àgbàlagbà tí ó sọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta yìí ni àwọn ènìyàn ń gbàgbé jù. Kí a tó fi èyíkéyìí nínú wọn sí ibi tí yóò wà, kí akẹ́kọ̀ọ́ padà lọ, kí ó kà á sókè sí àgbà náà létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ìyá náà bá ní ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ kọ́ ni òun wí, kí ó tún un kọ. Bí ó bá ní ohùn tí akẹ́kọ̀ọ́ fi sórí orúkọ ìkòkò kan kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń pè é ní ìlú òun, ohùn ti ìyá náà ni a ó kọ, kódà bí ó bá yàtọ̀ sí ti inú ìwé atúmọ̀-èdè.